Bí A Ti Gbé Ojú Sínú Òkun ní Tarkwa Bay

 Ẹni tí ó bá ń gbé Ilé-Ifẹ̀ kì í sábà fi ojú kan òkun. Odò Ọ̀pá ni a mọ̀, àti omi tí Yunifásítì sé nínú rẹ̀, bí òjò bá sì pọ̀, a máa ń rí àgbàrá tí ń gbé bàtà ọmọdé lọ. Síbẹ̀ n kò mọ ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá tí orúkọ òkun wọ̀ lára tó Ifẹ̀. Igbó Olókun wà níbẹ̀ títí di òní olónìí. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn Olókun o. Ládàánì ni mí, iṣẹ́ ìrun pípè ni a fi sí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ìlú ẹni kì í ṣe ohun tí a ń sá fún. Leo Frobenius, ará Jámánì, wá wú ilẹ̀ igbó náà ní 1910. Ní 2011 àti 2012, ọmọ Yorùbá kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ohun àtijọ́, Abidemi Babalola, tún wú u, ó sì kó ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000 jáde níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí àwọn baba wa fi ń yọ́ dígí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ náà ni àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró, bí òkun tí a wò láti òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń dàgbà, tí a ń darúgbó, tí a kò rí òkun gan-an rí.

Ìyá mi wà nínú àwọn bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ti dé Mẹ́kà, Alhaja ni. Ṣùgbọ́n òru ni bàlúù gbé e kọjá lórí omi, ó sì ń sùn. Yàtọ̀ sí pé kò rí òkun rí, kò fẹ́ràn omi kankan tí ó bá ti ju ti inú garawa lọ. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ fọ aṣọ ní odò tí ó wà lẹ́yìn abúlé baba wọn. Ọmọ náà yọ̀ ṣubú sínú ibú, kò sì sí ẹni tí ó mọ lúwẹ̀ẹ́ nítòsí. Nítorí náà ni ó fi ṣe òfin tí àwa ọmọ rẹ̀ bá nílé: ẹsẹ̀ ọmọ kankan kò gbọdọ̀ wọ odò kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ọmọ mẹ́fà ni ó bí. A dàgbà, a kàwé, a kéwú, a bímọ, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ lúwẹ̀ẹ́ àfi àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé London. Òun kọ́ ọ níbẹ̀ nígbà tí ó ti di baba ọmọ, kò sì jẹ́ kí Ìyá gbọ́.

Ní Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdún 2025, àbúrò mi yìí wá sílé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì, obìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá àti ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nínú ẹrù wọn ni àwọn ọmọ náà ti yọ ohun kan jáde tí gbogbo ọmọ agbo ilé fi pé lé wọn lórí. Gíláàsì ńlá kan ni, ó bo ojú àti imú, rọ́bà ni ó yí etí rẹ̀ ká. Ọ̀pá rọ́bà kan tí orí rẹ̀ tẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹnu di mú láti mí nígbà tí ojú bá wà nínú omi. Wọ́n ní àwọn ti lò ó ní Barbados. Àbúrò mi wá ṣàlàyé pé ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn wọ irú ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ó ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri erékùṣù fún fàájì. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, wọ́n a bá ara wọn ní èbúté mìíràn. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ ní àárọ̀, wọ́n á lo ọjọ́ náà ní etíkun, wọ́n á sì padà wọ ọkọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ní Barbados, wọ́n gbé ojú sínú omi, ìjàpá òkun sì lúwẹ̀ẹ́ kọjá lábẹ́ wọn.

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún méje, kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó bu omi kún bàsíà ìfọṣọ ní àgbàlá, ó de gíláàsì náà mọ́jú, ó sì ti orí bọ̀ ọ́. Nígbà tí ó gbé orí sókè, ó ní òun rí bọ́tìnì ẹ̀wù òun tí ó sọnù. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ rí i nínú òkun.” Ìyá mi tí ó ń gé ẹ̀fọ́ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi kan kò ní wọ òkun níṣojú mi.” Ó sì tún mú ọ̀bẹ.

Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan nínú àwẹ̀. Kí n tó sọ bí ó ti yanjú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí gíláàsì yìí ń ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò bi mí. Ojú wa, inú afẹ́fẹ́ ni Ọlọ́run dá a láti máa ríran. Bí omi bá kan ẹyinjú, ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀ mọ́ bí ó ti yẹ kí ó tẹ̀ nígbà tí ó bá ń wọnú ojú, ohun gbogbo a sì di bàìbàì. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wà láàárín ojú àti omi, tí dígí dá wọn lẹ́kun, ojú a tún ríran kedere. Àní ẹja a máa tóbi lójú ẹni ju bí ó ti rí gan-an lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìròyìn tí àwọn tí ó lọ síbẹ̀ ń mú bọ̀ ṣe tóbi.

Ohun kejì ni pé kì í ṣe gbogbo òkun ni a fi ń ṣe èyí. Ẹ mọ iyùn, èyí tí ìyàwó ń wọ̀ sọ́rùn. Inú òkun ni ó ti ń wá, ẹ̀dá abẹ̀mí kéékèèké ni ó ń kọ́ ọ bí ikán ti ń kọ́ òkìtì. Ní àwọn òkun tí ó gbóná, irú iyùn mìíràn ń kọ́ àpáta ńláńlá lábẹ́ omi, ibẹ̀ ni ẹja oníruúrú àwọ̀ ń gbé. Ṣùgbọ́n iyùn bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ omi tí ó mọ́, tí oòrùn ń wọ̀. Nítòsí wa, ẹ lè rí wọn ní Cape Verde àti ní São Tomé. Ní Èkó, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà Èkó ń gba omi odò Ògùn, ó sì ń gba ti Ọ̀ṣun, odò tiwa gan-an tí ó ń gba ìpínlẹ̀ wa kọjá. Ẹrẹ̀ tí wọ́n gbé láti òkè, ẹnu ọ̀nà Èkó ni ó ń gbà jáde sínú òkun. Ẹni tí ó bá lọ sí Èkó nínú oṣù July pẹ̀lú gíláàsì yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kò ní rí.

Àbúrò mi mọ èyí. Ó ní ibì kan ṣoṣo tí ó yẹ ní Tarkwa Bay, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òjò kò ì tíì pọ̀, àti ní wákàtí tí òkun bá ń wọlé, nítorí omi tí ó ti òkun bọ̀ mọ́ ju èyí tí ó ti ọ̀sà jáde lọ. Mo rán Ìyá létí ohun tí àwọn àáfà ròyìn pé Saidina Umar pa láṣẹ, pé kí àwọn ènìyàn kọ́ ọmọ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ ọ nínú wáàsí kí a tó bí mi. Ìyàwó àbúrò mi ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó wọ̀ ọ́ létí. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Bí ẹnì kan bá mọ lúwẹ̀ẹ́ létí odò ọjọ́ náà ńkọ́?”

Ìyá kò fèsì ní alẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn Àṣubáà ni ó pè mí, ó ní bí ó bá jẹ́ pé dandan ni, òun náà yóò bá wa lọ, òun fúnra òun ni yóò di ọmọ náà mú.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni ó kù, èyí sì kan ẹ̀yin obìnrin jù. Ìyàwó mi ní kò sí ohun tí yóò mú kí ọmọ òun tú ara sílẹ̀ létí òkun, mo sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi wá fi tirẹ̀ hàn wá: ṣòkòtò tí ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀wù tí ó dé orúnkún, àti ìborí tí a rán mọ́ ọn. Obìnrin Mùsùlùmí kan ní Australia, Aheda Zanetti, ni ó gbé irú rẹ̀ jáde ní 2004, ó sì ti kárí ayé. A kò ní owó láti ra ti òkè òkun fún ẹni mẹ́ta. Télọ̀ ìyàwó mi ní Òkèrewè wò ó, ó yí i sódì, ó sì rán mẹ́ta. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni irú aṣọ tí a ó lò. Ẹ má lo àǹkárá, ẹ má lo léèsì. Aṣọ òwú a máa mu omi, a sì máa wúwo bí òkúta. Ìró tí ó bá tú nínú omi a máa dì mọ́ ẹsẹ̀. Aṣọ tí ń fà, tí omi ń yára kán kúrò lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù àwọn agbábọ́ọ̀lù, ni ó dára.

Ní ọjọ́ Monday, ọjọ́ kejì ọdún, a kúrò ní Ifẹ̀ lẹ́yìn Àṣubáà. A ra dòdò ní Ìkirè gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ti ń rà á. Nígbà tí a gun afárá Aṣéjire, Ìyá na ọrùn wo omi ńlá tí wọ́n sé síbẹ̀. Ó bi mí bóyá òkun tó èyí. Mo ní ó jù ú díẹ̀. N kò fẹ́ kí ó ní kí a yí ọkọ̀ padà. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Mushin ni a sùn sí.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kìíní oṣù April, tí í ṣe ọjọ́ kẹta Ṣàwáálù, a dé èbúté. Mọ́kànlá ni wá. Ọlọ́kọ̀ ní kí a wọlé kíákíá. Ìyàwó àbúrò mi ka jákẹ́ẹ̀tì tí ń mú ènìyàn léfòó, èyí tí wọ́n ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì: mẹ́jọ péré ni, ti àgbàlagbà sì ni gbogbo rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ ní kí á gbé àwọn ọmọ lé itan. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, ojoojúmọ́ ni a ń lọ, kò sí nǹkan kan.” Ìyá mi jókòó lórí pèpéle èbúté, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, ó ní òun ti dé ibi tí òun ń lọ nìyẹn. Kò pẹ́ tí mẹ́ta tí ó kéré fi dé láti inú ọkọ̀ mìíràn. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí èyí, nítorí Ìjọba Èkó ti ní àjọ tí ń bójú tó ọ̀nà omi, LASWA, láti 2008, òfin sì ni pé ẹni gbogbo tí ó bá wọ ọkọ̀ gbọdọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì. Jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà a máa bọ́ lọ́rùn ọmọdé bí omi bá gbé e. Kì í ṣe ohun ìtìjú láti dúró lórí ilẹ̀ títí wọn yóò fi wá èyí tí ó bá ọmọ rẹ mu.

Ọkọ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ Victoria Island, ó sì jáde sí ojú omi gbalasa tí ọkọ̀ òkun ń gbà lọ sí Àpápá. Ní apá ọ̀tún, ilé gíga gíga Marina hàn; ní iwájú, ẹ̀rọ agbẹ́rù Àpápá na ọrùn sókè bí ẹyẹ agùfọn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá níwájú wa, ìyàwó mi sì bẹ̀rẹ̀ sí ka Àyátà Kursiyyu. Ìrú omi rẹ̀ gbé wa sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sọ̀ wá kalẹ̀. Àwọn ọmọ London pariwo pé kí ó tún ṣe é.

Ẹnu ọ̀nà tí a ń lọ yìí ní ìtàn. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọ Èkó, nítorí iyanrìn tí ó gbé ara rẹ̀ jọ dí ẹnu ọ̀nà náà. Ìta ni wọ́n ń dúró sí. Àga tí a so kọ́ okùn ni wọ́n fi ń sọ èrò kalẹ̀ láti orí ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré, ẹrù mìíràn sì ń gba Forcados yí ká wá. Láti 1908 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí da òkúta ńláńlá sínú òkun, wọ́n fi ṣe ògiri sí ìhà ìlà-oòrùn àti ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí omi lè máa gbá iyanrìn náà jáde. Nígbà tí ó fi di 1914, ọkọ̀ òkun ti ń wọlé. Àwọn ọkọ̀ Elder Dempster tí ó ń gbé àwọn ọmọ wa lọ kàwé ní Liverpool, títí kan Aureol tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951 tí ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1974, ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbà. Iyanrìn tí ó fara ti ògiri ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ ààbò òkúta ni ó di Tarkwa Bay. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni etíkun náà. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí ìṣàn òkun ń gbé lọ sí ìhà ìlà-oòrùn kò lè kọjá mọ́. Òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ Bar Beach ní òdìkejì, ó ń jẹ ẹ́ fún ọdún gbọọrọ, títí wọ́n fi wá da iyanrìn àti òkúta sí i láti kọ́ Eko Atlantic.

Ọkọ̀ nìkan ni a fi ń dé ibẹ̀, kò sí mọ́tò, kò sí fèrè. Wọ́n ń ta àgbọn àti ẹja díndín, ọmọkùnrin ń fi pátákó gun ìgbì. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá lọ ṣe fàájì níbẹ̀ mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé ní oṣù January 2020 àwọn ológun ojú omi lé wọn jáde nílé, wọ́n ní àwọn kan ń fọ́ ọ̀pá epo tí ó gba ibẹ̀ kọjá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó di aláìnílé, aláìṣẹ̀ àti ọmọ ọmú pẹ̀lú. Mo rò pé bí olè bá wọ àdúgbò, olè ni à ń wá. Àwọn kan ti padà wá ṣòwò níbẹ̀, àwọn ni ẹ ó rà á lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí a gun orí iyanrìn tí a sì rí òkun gbangba níwájú ẹnu ọ̀nà, Ìyá dúró. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mo rò pé ẹ̀rù ni. Ó wá ní, “Ìwọ ni o sọ pé ó ju Aṣéjire díẹ̀.” Ó tẹ̀ ka bọ omi, ó tọ́ ọ wò, ó sì tutọ́ rẹ̀ dànù. Ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé omi òkun níyọ̀, kò gbà á gbọ́ tán.

Mo ti wo oṣù kí a tó kúrò nílé, nítorí èmi tí mò ń ṣọ́ oṣù fún ààwẹ̀ mọ̀ pé òkun náà ń tẹ̀ lé e. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún tí ó sì ń fà, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, a máa kún ju ti tẹ́lẹ̀, a sì máa fà jù. Oṣù ọjọ́ mẹ́ta ni a wà, nítorí náà ìṣàn omi yóò lágbára. Ọkùnrin kan tí ó ń ya agboòrùn fún èrò sọ ohun kan náà fún wa láìwo kàlẹ́ńdà kankan: kí a má jìnnà sí etí omi, kí a má sì gbìyànjú láti lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun tí ó wà lẹ́yìn ògiri, ní ìhà ilé iná. Ibẹ̀ kọjú sí òkun tààrà, ìgbì rẹ̀ ń fa ènìyàn lọ.

A dúró títí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Àbúrò mi wá di okùn gígùn kan mọ́ ìgbànú jákẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin mi. Ó kọ́ ọ bí a ti ń tutọ́ sí inú gíláàsì, tí a ó fi ìka rà á, kí èémí má bàa bo dígí. Ìyá ní, “Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ yín ní London nìyẹn?” Lẹ́yìn náà, Ìyá rìn wọ òkun. Gbogbo wa dákẹ́. Ó rìn títí omi fi kan orúnkún rẹ̀, ó jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lára, ó yí orí okùn náà mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí ọmọ máa lọ.

Ọmọ náà dojú bolẹ̀. Ní ìgbà kìíní, ó gbé orí sókè kíá, omi ti wọ ọ̀pá. Ní ìgbà kejì, kò rántí láti mí. Ní ìgbà kẹta, mo gbọ́ ìmí rẹ̀ nínú ọ̀pá náà, ó ń dún hùn, hùn, bí ti ẹni tí ó sùn fọnfọn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ jù: ó rí ẹja aláwọ̀ ìlà bíi mẹ́wàá lára àwọn òkúta, ó rí akàn tí ó gbé ọwọ́ sókè sí i bí ẹni tí ń ṣe àdúà, ó rí ìkarahun tí ń rìn. Èmi náà de gíláàsì mọ́jú, mo sì wò. Mo rí iyanrìn tí ó tò bí ìlà tí a fi ìyarí yà, mo rí ẹja kéékèèké tí wọ́n yípo lẹ́ẹ̀kan náà bí àwọn tí ń kírun lẹ́yìn ìmáàmù kan. Mo sì rí ọ̀rá omi mímu, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Láti Mushin, láti Ìbàdàn, bóyá láti Ọ̀ṣogbo pàápàá ni wọ́n ti wá. A máa ń sọ ọ́ sí gọ́tà, a sì rò pé ó ti tán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù ni èyí. Ọmọkùnrin àbúrò mi, nítorí pé ó mọ lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, kò sí lórí okùn. Ó ń tẹ̀ lé ẹja kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀, omi tí ń wọlé sì ń gbé e díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìhà ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú gíláàsì kì í mọ̀ pé òun ń jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ́ ìpè. Àbúrò mi ń tún gíláàsì àbíkẹ́yìn mi ṣe. Èmi ń nu ojú. Ìyá, láti ìgbà tí ó ti jókòó, ń ka orí àwọn ọmọ sókè, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, bí ẹni tí ń ka tẹ̀sùbáà. Ó pariwo: “Ó ku ẹnì kan!” Irú igbe bẹ́ẹ̀, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọmọkùnrin kan tí ó ń gun ìgbì ti fi pátákó rẹ̀ bọ́ sómi kí a tó mọ ibi tí a ó wò. Ó bá ọmọ náà ní bí ìwọ̀n ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ sí ibi tí a wà, ó gbé e lé pátákó, ó sì wà á bọ̀. Ọmọ náà kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ń bínú pé ẹja òun ti lọ.

Ìyá kó gbogbo wọn jáde. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú okùn, ibi tí ó yí i mọ́ ti lé roro. Ó wá mú owó jáde ní etí ìró, ó fún ọmọkùnrin onípátákó náà, ìyẹn kọ̀. Ó mú ìyókù dòdò Ìkirè, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ìyẹn sì gbà á.

A fi omi òkun ṣe àlùwàlá, nítorí a ti kọ́ wa pé omi rẹ̀ mọ́. Arìnrìn-àjò ni àwa ará Ifẹ̀, a kò pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin ní Èkó, nítorí náà rákà méjì ni mo fi ṣáájú wọn ní Àìlà. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ onílé, dìde pé tiwọn ní mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni a jẹ ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín. Mo rò pé ọjọ́ ti parí. Ìyàwó mi ti ń ká aṣọ. Ìyá mú okùn náà, ó wò ó, ó pe ọmọkùnrin London, ó sì dì í mọ́ ọn níbàdí pẹ̀lú kókó tí wọ́n fi ń di ẹran iléyá mọ́lẹ̀. Ó ní, “Ó yá, ẹ padà lọ wo ẹja yín. Èmi ń kà yín.”

Ìyàwó mi náà wọ omi ní ìkẹyìn, ó sì wo inú rẹ̀. Ohun tí ó rí, kò sọ fún mi títí di òní; ó ní ti òun ni.

Aago mẹ́rin ni a wọ ọkọ̀ padà, nítorí ìrìn àjò orí omi lóru kò bófin mu, ìrọ̀lẹ́ sì ni afẹ́fẹ́ ń ru omi sókè. Kí a tó kúrò, Ìyá ti rọ omi òkun sínú ìgò ráàgólísì kan. Láti ìgbà tí a ti dé Ifẹ̀ ni ìgò náà ti wà lórí wíńdò rẹ̀. Ọmọdé tí ó bá wọ agbo ilé wa, a máa da díẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́, a ní kí ó tọ́ ọ wò, a sì máa dúró wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń fún un pọ̀.